Jàǹbá Ilé Oúnjẹ Kì Í Ṣe Àmúwá Ọlọ́run

Ọ̀rọ̀ tí a gbé ka iwájú yín lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjọba, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ iye tí a ń ra kòkó. Ọ̀rọ̀ inú ilé ìdáná ni, ṣùgbọ́n ó kan ẹ̀mí ènìyàn, ó sì kan gbogbo àwa tí a ń jẹun níta.

Ẹni tí ó bá ń ṣòwò ní ìgboro mọ̀ pé kò sí bí òun ti lè ṣe é kí òun má jẹun lọ́dọ̀ olóúnjẹ. Ẹni tí ó jí ní kùtùkùtù tí ó forí lé Ìdúmọ̀tà ní Èkó, tàbí Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn, kì í dúró kí a se oúnjẹ tán nílé. Ọ̀dọ̀ ìyá olóúnjẹ li ó ti ń jẹ àmàlà, ìrẹsì, ẹ̀wà àti dòdò. A ń jẹ, a ń yó, a ń sanwó, a sì ń bá tiwa lọ. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa li ó ti yọjú wo ẹ̀yìn aṣọ ìkélé tí oúnjẹ náà ti ń jáde wá?

Ní ọjọ́ kan báyìí, a jókòó ní ilé oúnjẹ kan tí a kò ní dárúkọ. Ọ̀sán gangan ni, èrò pọ̀, oníkálukú sì ń ké pé kí a tètè dá òun lóhùn. Ọmọbìnrin kan tí a kò rò pé ó ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lọ ń din ẹja lẹ́yìn ilé. Wọ́n ní kí ó gbé agbada òróró kúrò lórí ààrò kíá, kí a lè gbé ọbẹ̀ kaná. Àkísà tútù li ó fi di etí agbada mú. Sálúbàtà rọ́bà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ tán li ó wọ̀. Omi tí a fi fọ àwo ti dà sílẹ̀ láti òwúrọ̀, kò sì sí ẹni tí ó nù ún. Ooru gba inú àkísà náà kọjá, ó ta á lọ́wọ́, ó yí ẹsẹ̀ padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yọ̀. Igbe kan li a gbọ́.

Nígbà tí a ó fi dé ẹ̀yìn, òróró ti dà sí i láti itan dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹnìkan sáré mú ẹyin tútù wá, ẹnìkan mú ọṣẹ ìfọyín wá, ẹlòmíràn sì ń pariwo pé kí a má ṣe da omi sí i kí ó má baà lé ròrò. Àgbá omi kan wà níbẹ̀ tí kò jìnnà ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bu omi nínú rẹ̀. Oníbàárà kan mi orí, ó ní, “Ayé ti ṣe ọmọ yìí.” Èkejì dáhùn pé, “Àmúwá Ọlọ́run ni, kí a sáà máa dúpẹ́ pé kò kú.” Ìyá olóúnjẹ tí ń sunkún kò sọ ohun mìíràn ju èyí lọ. Wọ́n gbé ọmọ náà lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọmọ mìíràn ti dúró sí ìdí ààrò kan náà. Sálúbàtà kan náà li ó wọ̀, omi sì wà nílẹ̀ sibẹ̀.

Ẹ̀yin ará, àwa kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ka ohun tí ó ṣubú lu ọmọ yìí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Omi wà nílẹ̀. Àkísà tí ó fi gbé agbada tutù, bẹ́ẹ̀ ohun tútù a sì máa tètè gbé ooru dé ọwọ́. Bàtà rẹ̀ kò lè di ilẹ̀ mú. Òróró tí ó ń gbé kò tíì tutù. Àwọn ènìyàn sì ń pariwo kánjú lé e lórí. Ohun márùn-ún nìyí, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ti ọ̀run wá. Ọwọ́ ènìyàn li ó fi gbogbo wọn síbẹ̀, ọwọ́ ènìyàn sì lè mú gbogbo wọn kúrò. Bí a bá ti mú ẹyọ ọ̀kan péré kúrò nínú wọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, bóyá ọmọ náà ìbá ti padà sùn nílé ní àlàáfíà. Ohun tí a mọ bí ó ti ń wá, tí a sì mọ ọ̀nà tí a lè gbà dí i, a kò gbọdọ̀ pè é ní àmúwá Ọlọ́run.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ jàǹbá ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí ìjọba yàn láti máa ṣọ́ ààbò àwọn òṣìṣẹ́ ti sọ ọ́ tipẹ́ pé yíyọ̀ àti ìkọsẹ̀ wà lára àwọn ohun tí ń ṣe àwọn òṣìṣẹ́ ilé oúnjẹ léṣe jùlọ. Ẹni tí ó yọ̀ ní ìta gbangba lè bó ní eékún. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó yọ̀ ní ilé ìdáná lè ṣubú lu iná, tàbí lu ọ̀bẹ, tàbí kí ó da ìkòkò gbígbóná sí ara rẹ̀ àti sí ara ẹlòmíràn. Nítorí náà, bí omi tàbí ọ̀rá bá kán sílẹ̀, ẹni tí ó rí i ni kí ó nù ún lójú ẹsẹ̀, kí ó má ṣe wò yíká bóyá òun kọ́ li ó dà á. Omi lásán kò lè mú ọ̀rá kúrò nílẹ̀. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ni kí a fi fọ̀ ọ́, kí a sì nù ún gbẹ. Kí igi ìdáná, àpò èédú àti ìpẹ̀rẹ̀ omi má ṣe wà ní ojú ọ̀nà tí a ń gbé ìkòkò gbà. Kí olúkúlùkù òṣìṣẹ́ sì wọ bàtà tí ó bo ọmọ ẹsẹ̀, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì lè di ilẹ̀ mú.

Lẹ́yìn ilẹ̀ ni òróró, èyí tí í ṣe ọba jàǹbá ní ilé oúnjẹ. Kí òróró má ṣe ju ìdajì agbada lọ, nítorí yóò ru sókè nígbà tí a bá da ohun tí a fẹ́ dín sí i. Kí a jẹ́ kí omi ro kúrò lára ẹja àti ẹran pátápátá kí ó tó wọ inú òróró, nítorí omi ara rẹ̀ ni í máa ta sí ojú alásè. Agbada tí ó bá ti wà lórí iná, ibẹ̀ ni kí ó wà. Bí a bá fẹ́ lo ààrò náà fún nǹkan mìíràn, kí a pa iná, kí a sì dúró kí òróró tutù. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í koni lójú.

Òróró kì í ṣàdédé gbiná láìkìlọ̀. Yóò kọ́kọ́ máa yọ èéfín, èéfín náà yóò sì máa nípọn sí i. Ẹni tí ó bá rí èéfín yìí kí ó pa iná ìsàlẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tí ó rí i, tí òróró sì gbiná, omi ni ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ènìyàn, nítorí pé láti kékeré li a ti mọ̀ pé omi ni ọ̀tá iná. Àṣìṣe ńlá nìyí, ó sì ti ba ojú ọ̀pọ̀lọpọ̀ alásè jẹ́. Omi wúwo ju òróró lọ. Bí a bá dà á sí agbada tí ń jó, ìsàlẹ̀ òróró li ó ń rì sí, ooru tí ó bá níbẹ̀ sì ju ooru omi híhó lọ lọ́nà jíjìn. Kí a tó ṣẹ́jú, omi náà ti di ooru. Ife omi kan ṣoṣo, bí ó bá di ooru tán, a máa fẹ̀ tó bíi 1,700 ife. Kò sí ibi tí ó lè gbà àfi òkè, òróró tí ń jó li ó sì ń gbé lọ, dé àjà ilé, dé ojú àti àyà ẹni tí ó bu omi wá.

Ohun tí ó tọ́ ni kí a pa iná ìsàlẹ̀ bí ọwọ́ bá lè dé ibẹ̀, kí a sì fi ìdérí irin bo agbada náà. Kí a ti ìdérí náà láti ọ̀dọ̀ wa lọ sí ọ̀hún, kí ahọ́n iná má baà ju sí wa. Bí ìdérí kò bá sí, kí a lo aṣọ nípọn tí a rẹ sínú omi tí a sì fún títí kò fi kán mọ́. Kí a má ṣe ṣí i wò títí yóò fi tutù pátápátá, nítorí bí afẹ́fẹ́ bá tún dé ibẹ̀, iná lè tún gbà. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe gbé agbada tí ń jó sáré jáde, nítorí ara rẹ̀ ni yóò dà á sí. Bí iná bá ti ju agbára lọ, kí gbogbo ènìyàn jáde, kí a sì ké sí àwọn panápaná. Nọ́ńbà 112 ni a ń pè ní Nàìjíríà, a sì tún lè pe 767 ní Èkó.

Ọ̀pọ̀ olóúnjẹ li ó ti fi igi àti èédú sílẹ̀, tí wọ́n ti bọ́ sí orí gáàsì. Gáàsì dára, ṣùgbọ́n ó ní ìwà tirẹ̀ tí ó yẹ kí a mọ̀. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Nítorí náà, bí ó bá ń jò, kì í fò sókè lọ. Ilẹ̀ li ó ń fà lọ bí omi, a kó sí abẹ́ tábìlì àti inú kòtò, a sì lúgọ síbẹ̀ de ẹni tí yóò ṣáná. Òórùn tí a ń gbọ́ kì í ṣe ti gáàsì fúnra rẹ̀. A fi kún un ni, kí imú lè mọ̀ nígbà tí ó bá ń jò. Ẹni tí ó bá gbọ́ òórùn yìí kí ó má ṣe ṣáná, kí ó má tan iná mànàmáná, kí ó má sì pa á, nítorí ìtapàrà kékeré inú ìtanná náà tó láti dá ilé rú. Kí ó ti ẹnu sílíńdà bí ó bá rọrùn, kí ó ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí ó sì kó ènìyàn jáde. Láti mọ ibi tí ó ti ń jò, ọṣẹ híhó li a ń fi pa ara rọ́bà àti oríkèé rẹ̀. Ibi tí ó bá ti ń yọ ìfófòó, ibẹ̀ ni. Kí sílíńdà dúró lóòró, kí ó sì wà ní ìta níbi tí afẹ́fẹ́ gbé ń fẹ́. Rọ́bà tí ó bá ti ń sán, kí a pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó sì ṣì ń lo èédú, kí ó má ṣe gbé àdògán rẹ̀ wọ yàrá tí a tì pa nígbà òjò tàbí ọyẹ́. Èédú ń tú ohun olóró kan sínú afẹ́fẹ́ tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn. Orí fífọ́ àti òòyì ni ìkìlọ̀ rẹ̀, ẹni tí ó bá sì sùn tì í lè má jí mọ́.

Ní ti ọ̀bẹ, àwọn kan rò pé ọ̀bẹ tí kò mú kò léwu. Bẹ́ẹ̀ kọ́ o. Ọ̀bẹ tí kò mú li à ń fi agbára tì, òun ni í sì ń yẹ̀ lára alùbọ́sà wá sí ara ìka. Kí a pọ́n ọ̀bẹ, kí a má fi í sílẹ̀ nínú omi ọṣẹ níbi tí ojú kò ti lè rí i. Bí ó bá sì bọ́ lọ́wọ́, kí a jẹ́ kí ó bọ́, kí a fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Ní ìdí ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ata, kí ẹni tí ń lọ̀ ọ́ ká etí gèlè àti ìró rẹ̀ mọ́ra dáadáa, nítorí bẹ́líìtì ẹ̀rọ tí a kò bò kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín aṣọ àti apá.

A fẹ́ sọ̀rọ̀ nísinsin yìí nípa ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ní ilé oúnjẹ a máa fi àgádágodo tì í, kí àwọn ọmọ iṣẹ́ má baà gbé ẹran gba ibẹ̀ jáde. Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Hamlet, ní North Carolina ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ kẹta oṣù September, ọdún 1991. Ilé iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tí a ti ń din adìẹ fún títà. Rọ́bà kan tí ń gbé òróró ẹ̀rọ já ní tòsí agbada ńlá tí a ń fi gáàsì dáná sí, iná sì gba gbogbo ilé náà. Àwọn òṣìṣẹ́ sáré dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n bá àwọn ilẹ̀kùn kan ní títì. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ó yè sọ pé nítorí kí a má jí adìẹ gbé li a ṣe tì wọ́n. Ènìyàn 25 li ó kú, àwọn tí ó farapa sì ju 50 lọ. Ilé iṣẹ́ náà ti wà fún ọdún mọ́kànlá láìjẹ́ pé aṣojú ìjọba kankan wá yẹ ààbò rẹ̀ wò. Ní ọdún 1992, ẹni tí ó ni ín jẹ́wọ́ ẹ̀bi ní ilé ẹjọ́, a sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ mọ ìṣirò, ẹ bá wa ṣe èyí: adìẹ mélòó ni a lè fi san ẹ̀mí 25? Bí olè bá wà láàárín àwọn ọmọ iṣẹ́, kí a fi ojú ṣọ́ ọ, kí a má ṣe fi kọ́kọ́rọ́ sé ènìyàn mọ́ inú iná.

Bí jàǹbá bá wáyé síbẹ̀, ìṣẹ́jú mélòó kan àkọ́kọ́ li ó ṣe pàtàkì jù. Ara tí iná tàbí òróró bá jó, omi tútù tí ń ṣàn ni kí a máa dà sí i fún ogún ìṣẹ́jú gbáko. Bí ẹ̀rọ omi kò bá sí, kí a máa fi ife bu omi mímọ́ dà á lé e lórí láìdáwọ́ dúró. Kí a yára bọ́ òrùka, ìlẹ̀kẹ̀ àti aṣọ kúrò níbẹ̀ kí ara tó wú, ṣùgbọ́n aṣọ tí ó bá ti lẹ̀ mọ́ ara, kí a má ṣe fà á. Kí a má fi ẹyin, epo pupa, ọṣẹ ìfọyín, oyin tàbí yìnyín sí i. Kí a má sì ṣe bẹ́ ìròrò. Lẹ́yìn èyí, kí a fi ọ̀rá mímọ́ tàbí aṣọ mímọ́ bò ó láìfún un. Bí ojú egbò bá ju àtẹ́lẹwọ́ ẹni tí ó farapa lọ, tàbí bí ó bá wà ní ojú, ní ọwọ́, ní ẹsẹ̀, ní oríkèé tàbí ní abẹ́, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ, kì í ṣe ilé.

Ta ni yóò sì san owó ìwòsàn náà? Ìbéèrè yìí ni í máa dá ìjà sílẹ̀. Òfin ti dáhùn rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2010 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin ìsanpadà fún àwọn òṣìṣẹ́ tí ó farapa lẹ́nu iṣẹ́. Òfin náà ní kí agbaniṣíṣẹ́ máa san náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún náírà owó oṣù tí ó ń san fún àwọn ènìyàn rẹ̀ sínú àpò kan tí àjọ tí a ń pè ní NSITF ń tọ́jú. Láti inú àpò yìí ni a ó ti wo ẹni tí ó farapa, a ó sì fún un ní ohun tí yóò fi jẹun. Bí òṣìṣẹ́ bá ṣubú, kí ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, kí ọ̀gá náà sì fi tó àjọ náà létí láàárín ọjọ́ méje. Ọ̀pọ̀ olóúnjẹ ni kò tíì gbọ́ nípa òfin yìí rí, ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ sì rò pé àánú ni òun ń tọrọ nígbà tí ó jẹ́ pé ẹ̀tọ́ òun ni.

A mọ ohun tí ẹ̀yin olóúnjẹ yóò wí. Ẹ ó ní owó kò sí, ọjà ti wọ́n, èrè kò tó nǹkan. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èwo nínú ohun tí a kà sílẹ̀ li ó gba owó púpọ̀? Àkísà gbígbẹ ni, ìdérí agbada, àgbá omi tí ó kún, ọṣẹ fún ilẹ̀, bàtà kan fún ọmọ iṣẹ́, àti kọ́kọ́rọ́ tí a kò ní lò. Ẹ fi iye wọn wé iye oṣù tí ènìyàn lè fi dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin ni àgbà ní ilé ìdáná yín. Òbí tí ó fi ọmọ rẹ̀ sọ́dọ̀ yín láti ìlú òkèèrè ti fi í sí abẹ́ ojú yín. Kí ẹ fi ọjọ́ kìíní rẹ̀ kọ́ ọ bí a ti ń pa iná òróró kí ẹ tó kọ́ ọ bí a ti ń din ẹja.

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ má ṣe tijú láti wí pé ilẹ̀ tutù, tàbí pé ìkòkò yìí wúwo ju agbára mi lọ. Ẹni tí ó pe ẹnìkejì láti bá òun gbé e kì í ṣe ọ̀lẹ.

Àwa oníbàárà ńkọ́? Ọwọ́ wa kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwa li a ń fi àwo lu tábìlì, àwa li a ń pariwo pé, “Ìyá, ẹ ṣe kíá, a fẹ́ máa lọ!” Ọmọ tí ó ń sáré pẹ̀lú òróró lọ́wọ́, ohùn wa li ó ń lé e. Bí ó bá di ọ̀la tí ẹ bá jókòó sí ilé oúnjẹ, ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún ṣe sùúrù. Bí ẹ bá sì rí omi nílẹ̀, ẹ pe ìyá olóúnjẹ sí kọ̀rọ̀, kí ẹ sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó sàn kí oúnjẹ pẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa ju kí ọmọ ọlọ́mọ jóná nítorí ikùn wa.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ gbogbo àwọn tí ń fi iná ṣiṣẹ́, kí àwa náà sì ṣe ipa tiwa. Ó dìgbà o.